Ṣíà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Jókòó Lé Rí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà kí mi lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé mi ní Ìlaró, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Bàbá, iṣẹ́ wo ni kí a kọ́?" Bí mo bá ní kí ẹ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ẹ ó rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ ó wo ìka ọwọ́ mi tó ti wọ́, ẹ ó wo ilé mi tí kò ní òkè, ẹ ó wá fi ọgbọ́n bi mí pé kí ni mo rí nídìí ẹ̀. Ó dáa. Nǹkan méjì ni mo rí: ẹ̀yìn ríro àti ṣíà. Ẹ̀yìn ríro náà ṣì wà lára mi, kò sẹ́ni tó bá mi du ìyẹn. Ṣíà náà ló dá ìpàdé sílẹ̀ nínú ilé wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin mi ní kí n tà á, ọkàn mi ní kí n fi tọrẹ, ìyàwó mi sì ní òun gan-an lòun ni ín. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí igi.

Àlímì lorúkọ mi. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn, èmi kò sì fẹ́ gbọ́ oko sétí. Bí a bá dé oko, abẹ́ igi lẹ ó ti bá mi tí mo ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ nǹkan. Bàbá mi wò mí títí ní ọjọ́ kan, ó ní, "Ọmọ yìí, igi lo fẹ́ràn ju ohun tí a gbìn sídìí ẹ̀ lọ." Ó di iṣu sórí kẹ̀kẹ́, ó mú mi wá sí Ìlaró lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì. Ọ̀gá gba iṣu, ó gba èmi náà. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sí ìtàn kankan níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn wà lára Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ bíi pátákó tí wọ́n sá sóòrùn, kì í sì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, kò ní bú ọ. Yóò rọra gbé òòlù, yóò fọ́ ohun tí o ṣe sí wẹ́wẹ́, yóò sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀ láti jẹ ẹ́ tán. Ó sàn kí ó bú ènìyàn. Nígbà tí mo débẹ̀, títọ́ ìṣó tó ti wọ́ nìkan niṣẹ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́ igi, èmi jókòó sílẹ̀, mò ń lu ìṣó lórí òkúta. Ó sú mi. Mo bá bi í, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni n ó di ayùn mú?"

Ó dá mi lóhùn láìgbójú sókè: "Ìgbà tí ìṣó bá mọ orúkọ rẹ."

Mo rò pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ṣe bí aláàárù l'Ọ́yìngbò, kò lè ṣe bí Adégbọrọ̀ lọ́jà ọba. Nígbà tí mo fi di ayùn mú, ọwọ́ mi ti mọ irin, ó ti mọ ibi tí agbára ń gbà àti ibi tí kò gbà.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi lélẹ̀ tí n kò rí níbòmíràn rí. Ẹni tó bá kan àga ni yóò kọ́kọ́ jókòó lé e, lójú oníbàárà, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó ní, "Bí àga náà yóò bá já ìdí ẹnìkan kulẹ̀, ìdí rẹ ni kó kọ́kọ́ já kulẹ̀." Ọjọ́ tí mo kan àga mi àkọ́kọ́, tíṣà kan ló fẹ́ gbé e. Mo ti kan ìṣó mọ́ ọn lára káàkiri, ó ń dán. Ọ̀gá pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ jọ, ó ní, "Àlímì, jókòó." Mo tún ṣòkòtò mi ṣe, mo jókòó bí ọba. Àga náà dún kẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ kan lọ sí ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, ẹsẹ̀ kejì forí lé Ipokia, èmi wà nílẹ̀ láàárín méjèèjì. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nu omijé.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ àga náà, ó fi hàn mí. "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìṣó kọ́ ló ń mú àga dúró. Gbẹ́ ihò sí igi kan, gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, kí ahọ́n wọnú ihò kó má lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni àga." Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹlòmíràn, abẹ́ àga ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó kí onílé. Ìyàwó mi ní ìwà burúkú ni.

Ìyàwó mi yìí, Sàlámọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni. Mo fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí mo gba fìríìdọ̀mù, tí mo dá búkà iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ ní ọ̀nà Owódé. Abọ́ àti bàsíà oníke ló ń tà. Lẹ́yìn tí a bí Ṣèrífátù, àkọ́bí wa, ni kámpánì kan tí ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi ni mo kan gbogbo àga àti tábìlì ọ́fíìsì wọn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, máníjà wọn, ọkùnrin kan tó ti Èkó wá, kó gbogbo àwa tí a bá wọn ṣe é jọ, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kámpánì kò ní gbàgbé yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí kálukú wá gba ṣíà tirẹ̀." A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ṣíà nílẹ̀ yìí. Ohun tí à ń jókòó lé ni. Bí mo ṣe délé tí mo ròyìn fún Sàlámọ̀, ó dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró.

"Ṣé ẹ̀yin tí ẹ kan gbogbo àga wọn ni wọ́n tún fẹ́ fún ní àga?"

Mo ní, "Bóyá ti ìlú òyìnbó ni, onítìmùtìmù."

"Mélòó ni?"

"Máníjà ní ó pọ̀."

Inú rẹ̀ dùn kọjá bó ti yẹ. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo ló wà nínú pálọ̀ wa nígbà náà, òun ló gbé e wá láti ilé ìyá rẹ̀. Ó fi bẹ́ńṣì náà ta aládùúgbò wa kan lọ́rẹ kí ṣíà lè rí àyè. Ó gbá pálọ̀, ó fọ ilẹ̀, ó ní kí n lọ ra okùn tó nípọn tí a ó fi dì wọ́n kí wọ́n má baà já sọ́nà. Mo ra okùn, mo bẹ onípíkọ́ọ̀bù kan láti Owódé, a forí lé kámpánì.

Máníjà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó kí mi kú oríire, ó fún mi ní àpò ìwé kan. Mo gbà á. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣíà náà ńkọ́?"

"Òun lẹ dì mú yẹn."

"Èyí? Ibo ni ìdí ó ti gbà?"

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí okùn léjìká mi tó sì rí píkọ́ọ̀bù níta, ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣíà táwọn ń wí ni ìpín, pé díẹ̀ nínú kámpánì náà ti di tèmi láti ọjọ́ náà lọ. Mo bi í pé apá ibo nínú kámpánì ni, bóyá n ó lè gbé e lọ. Ó ní rárá. Onípíkọ́ọ̀bù yẹn ni ìkà ènìyàn. Ó gba àpò ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi okùn tuntun náà dì í lọ́tùn-ún lósì, ó sì rọra wà á gba àárín ọjà kọjá. Gbogbo ayé ló rí píkọ́ọ̀bù tó gbé bébà kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àlímì Oníṣíà.

Sàlámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n wá bá a yọ̀. Ó yọjú sẹ́yìn ọkọ̀. "Bàbá Ṣèrífá, ṣíà dà?" Mo ṣàlàyé, ó gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ ìyókù, ẹ̀rín ló fi jókòó sílẹ̀, torí kò sí ohun mìíràn tó lè jókòó lé. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó tú okùn náà, ó so ó láti igi ọsàn mọ́ òpó ilé, ó sì sá aṣọ ọmọ sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ mí ní ṣíà. Mi ò ní gbàgbé." Mo ṣèlérí pé màá fọwọ́ ara mi kan tirẹ̀. Mo sì ń kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kàn án tán, oníbàárà á dé, á ní èyí gan-an lòun ń wá. Ilé káfíńtà kì í ní àga, bí ilé aṣerunlóge ṣe máa ń ní orí wúruwùru.

Iṣẹ́ sì ń lọ. Mò ń kan àga fún ilé ìwé, mò ń kan ibùsùn fún ìyàwó tuntun, àwọn ará òdìkejì bọ́dà ń wá láti Pọ̀bẹ̀, wọ́n ń fi èdè Faransé pe àga ní ṣẹ́ẹ̀sì, mo sì ń dáhùn. Mo láyọ̀ nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Òórùn igi apá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ní òwúrọ̀, kò sí tùràrí tó dùn tó o.

Iná ló bà á jẹ́. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́. Ẹnìkan ń sun igbó lẹ́yìn búkà mi, afẹ́fẹ́ gbé iná náà, ó jù ú sínú ìyẹ̀fun igi. Kí a tó pariwo tán, òrùlé ti ń wó. Sàlámọ̀ kó gbogbo bàsíà tó fẹ́ tà jáde, ó ń fi wọ́n pọn omi, ó ń sáré, ó ń ṣubú. Kò ran nǹkan kan. Pátákó ìrókò tí mo ti sá láti ọjọ́ pípẹ́ jó. Ìfági tí Ọ̀gá Lámídì fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú jó, irin rẹ̀ nìkan la rí nínú eérú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún lójú ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn, n kò sì ní òòlù kan mọ́.

Mo rántí ṣíà. Mo gbé bébà náà lọ bá àwọn tí ń bá ènìyàn ta irú rẹ̀. Ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi wò ó, ó wò mí, ó ní kámpánì náà kò rí ọjà tà, pé ohun tí yóò bọ́ nínú rẹ̀ kò tó ra ayùn kan. Mo gbé e padà sílé, mo jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin níta. Ẹgbẹ́ káfíńtà ni, láti Ìlaró, Owódé àti Ipokia. Kálukú mú irinṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹni tó mú ayùn mú ayùn, ẹni tó mú òòlù mú òòlù, ẹlòmíràn mú ìfági tirẹ̀ tó ń lò lọ́wọ́. Ọ̀kan wá láti Pọ̀bẹ̀ lórí alùpùpù, ó fi àpò ìrẹsì di ṣísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń gbẹ́ ihò, ó ní, "Mọ̀ǹ fùrẹ̀, arákùnrin mi, gbà." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wa, Bàbá Súlè, dì mí mú. Mo ní màá dá gbogbo rẹ̀ padà bí Ọlọ́run bá gbé mi dìde.

Ó ní, "Ta ní kí o dá a padà? Irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbé ènìyàn dìde, ẹ̀yìn kọ́ là ń gbé e sí, iwájú là ń tì í sí, fún ẹni tó kàn."

Irinṣẹ́ wọ̀nyẹn ni mo fi jẹun láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òun ni mo fi rán Ṣèrífátù àti Múkáílà àbúrò rẹ̀ nílé ìwé.

Ayé yí padà lójú wa. Jẹnẹrétọ̀ dé, ayùn oníná dé, ohun tí a fi òógùn ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n ń ṣe é kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú. Mo kọ́ ọ, mi ò bá a jà. Àga oníke ni mo bá jà. Ẹ sì mọ ẹni tó kó o wọlé? Sàlámọ̀ ìyàwó mi ni. Ó kó o láti bọ́dà, ó tò ó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ funfun. Àwọn oníbàárà mi ń kọjá lójú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ṣèrífá, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ó ní, "Ẹni tí wọ́n jẹ ní ṣíà ń tọ́jú ara rẹ̀ ni." Ó gbé mẹ́rin nínú wọn sí pálọ̀ wa. Mo jókòó lé e, ìdí mi ń yọ̀, ojú ń tì mí.

Nígbà tí ojú mi kò rí ìlà pẹ́ńsùlù lórí pátákó mọ́, mo fi búkà lé Tàjù lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù. Ó máa ń wá sábẹ́ igi ọsàn yìí wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ kan náà ló máa ń rò. "Bàbá, àwọn ọmọ fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òde òní, máṣíìnì ni. Bí wọ́n bá gba fìríìdọ̀mù, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á gun ọ̀kadà, wọ́n á máa gbé ìrẹsì fàyàwọ́ gba inú igbó. Ẹni tó gbẹ́ tábìlì tó dára jù lọ́dọ̀ mi, inú igbó yẹn ló ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀." 

Ibẹ̀ la wà tí Ṣèrífátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta báyìí, fi sáré wálé lọ́jọ́ kan. Kámpánì ńlá kan ti gba kámpánì ẹ̀gẹ́ náà mọ́ra. Ìpín tí kò tó ra ayùn nígbà iná ti di ohun tó lè kọ́lé. Múkáílà dé láti Owódé, a jókòó sórí àga oníke, ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Múkáílà ní, "Bàbá, ẹ tà á. Ẹ kọ́ ilé alájà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Mo ní ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n fún ẹgbẹ́ káfíńtà, kí wọ́n fi máa ra irinṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó bá gba fìríìdọ̀mù.

Ṣèrífátù ní, "Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ ó fi tà á? Bí ẹ bá tà á, àwọn tó ń bá wa tà á yóò bù jẹ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ á náwó ìyókù, ó tán. Ṣíà náà gan-an ni kí ẹ fi sórúkọ ẹgbẹ́. Ọdọọdún tí kámpánì bá jèrè ni tiwọn á máa dé."

Mo ní, "Ah, wákàfù nìyẹn. Bíi kànga tí a gbẹ́ fún aráàlú. Ẹnìkan kì í tà á, gbogbo ènìyàn ń pọn ọ́n."

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Arúgbó ni mí. Bí àìsàn bá dé ńkọ́? Ohun tí a bá ti fi sílẹ̀ báyìí, a ò lè gbà á padà.  

Sàlámọ̀ ló fọhùn láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń ká aṣọ lórí okùn. "Ẹ̀yin ń pín in, ẹ ò bi ẹni tó ni ín. Ta ló fi bẹ́ńṣì ìyá rẹ̀ tọrẹ nítorí ṣíà? Èmi ni mo ni ín."

 Ó wọlé, ó gbé aṣọ kalẹ̀.

"Ṣèrífá, bí a bá tà á, ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

"Bí a bá fún wọn bó ṣe wà?"

"Á máa so bí kámpánì bá ń jèrè."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá Ṣèrífá, ọjọ́ iná, omi tí mo pọn kò pa nǹkan kan. Ayùn àwọn ènìyàn ni a fi tọ́ àwọn tó jókòó yìí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ fún wọn."

Múkáílà ní, "Màmá, ilé alájà ńkọ́?"

"Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Ta lo fẹ́ kọ́ àtẹ̀gùn fún?" Ó gbé aṣọ rẹ̀. "Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ ṣì jẹ mí ní ṣíà."

Ẹ̀rín pa wá. Ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo fi ikọ́ bò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣèrífátù mú mi lọ fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí èrè àkọ́kọ́ dé, ẹgbẹ́ ra irinṣẹ́ fún àwọn tó gba fìríìdọ̀mù lọ́dún náà. Wọ́n fi ọmọ tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú igbó kún wọn, ó ti ju alùpùpù sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, píkọ́ọ̀bù kan dúró níwájú ilé wa. Tàjù bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ náà bọ́ sílẹ̀. Àga igi apá ni wọ́n kó wá, pálọ̀ odidi kan. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀kan. Ahọ́n wọnú ihò, kò lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n kó àga oníke jáde, wọ́n to ti igi sílé. Tàjù ní, "Màmá, ẹ jókòó."

Sàlámọ̀ ní, "Ó tì o. Kí ni òfin Ọ̀gá Lámídì? Ẹni tó kàn án ló ń kọ́kọ́ jókòó."

Tàjù àti àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ lọ jókòó. Ó na ọwọ́ dí wọn lọ́nà.

"Kì í ṣe ẹ̀yin." Ó wò mí. "Bàbá Ṣèrífá, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé bébà wálé lẹ ti ń kan àga yìí. Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Kò dún kẹ́ẹ́. Òun náà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ pa apá àga náà lọ sókè, ó pa á bọ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jáde lọ sídìí igi ọsàn, ó tú okùn tó ti ń sá aṣọ sí láti ìgbà ọmọ ọwọ́ Ṣèrífátù. Ó ká a, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó fi lé Tàjù lọ́wọ́.

"Ẹ máa fi di ti ẹlòmíràn lọ. Ṣíà mi ti dé."